Ṣíbí Ẹ̀tù Etelka

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Etelka fi ń jí ẹ̀tù ìbọn ọkọ rẹ̀. Kì í jí i púpọ̀. Ìwọ̀n tí èékánná lè bù ló fi ń dín in kù lọ́dọọdún, kò sì kó o lọ síbì kankan. Inú agolo tó ti bù ú náà ló ń fi í sílẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nínú ọta tí ọkọ rẹ̀ yóò yìn lọ́jọ́ Àìkú, ibi tó yẹ kí ẹ̀tù wà, sẹmó ló wà níbẹ̀. Sẹmó gidi, èyí tó máa ń rò sínú ọbẹ̀ adìẹ.

Halmos Dezső ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó fi ogójì ọdún ṣe àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ní abúlé Szilvakút. Ìbọn rẹ̀ fi nǹkan bí àádọ́rin ọdún ju òun alára lọ. Werndl ni, ìbọn àwọn ọmọ ogun Ọba ńlá ayé àtijọ́. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti dún, wàá yí ìdí rẹ̀, wàá yọ agolo idẹ tó ti ṣófo, wàá ti òmíràn bọ̀ ọ́. Bàbá bàbá Dezső rà á nígbà tí ìjọba ń kó wọn tà bí ìkòkò tó ti sán. Bàbá rẹ̀ sì mọ ọ́n mọ́ inú ògiri ilé ìdáná nígbà tí ìjọba mìíràn dé tó ní kí kálukú gbé ìbọn rẹ̀ wá. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọta rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ki ọta, lórí tábìlì ilé ìdáná, láàrin àwo ọbẹ̀ àti búrẹ́dì.

Ohun tó sọ Etelka di olè kò ṣòro láti sọ. Dezső já lulẹ̀ láti orí àkàbà nídìí igi ápù, egungun èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì dá sí mẹ́ta. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan àti sìkúrù méje so ó pọ̀ nílé ìwòsàn. Dókítà wá kìlọ̀ fún un.

"Bàbá, ohunkóhun tó bá gbá èjìká yìí dáadáa, irin yìí á ṣí. Bó bá ṣí, ẹ ò ní lè gbé ọwọ́ yẹn dé ẹnu mọ́."

Dezső bi í pé, "Ṣé ìbọn náà wà nínú ohunkóhun?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó rò pé bàbá ń ṣàwàdà ni. Etelka tó jókòó ti ibùsùn kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ilé pẹ̀lú ọkùnrin yìí láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, kò sì tíì gbọ́ àwàdà kan lẹ́nu rẹ̀ tó kan ìbọn.

Wọ́n dé ilé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Dezső fi ní àkókò ti tó láti ki ọta. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè da ẹ̀tù sínú agolo idẹ láìdà á sílẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó fi ọgbọ̀n ọdún wọn oògùn fún ará ìlú ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ó gé agolo ọta àtijọ́ kan sí méjì, ó fi wáyà ṣe ìdìmú fún un, ó di ṣíbí ẹ̀tù.

"Ìyá, ṣíbí kan pẹrẹsẹ fún ọta kan. Kò gbọdọ̀ ga, kò gbọdọ̀ jìn. Ìwọ̀n tí Ọba ńlá là sílẹ̀ nìyẹn."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Etelka dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Dezső lọ mu wáìnì rẹ̀ nílé ọtí, ó mú fáìlì tí wọ́n fi ń họ irin nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi họ ẹnu ṣíbí náà títí ó fi kúrú.

Ẹ má rò pé ẹni tó bá fẹ́ ọta tó rọ̀ kàn máa ń dín ẹ̀tù kù, tí yóò sì lọ sùn ni. Irú ìbọn yìí kì í fẹ́ àlàfo nínú. Ẹ̀tù gbọ́dọ̀ fara ti òjé tó wà lórí rẹ̀ pinpin. Bí òfo bá wà láàrin wọn, òfo yẹn lè fọ́ ìbọn ju ẹ̀tù tó pọ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí o bá yọ, o gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí ibẹ̀, nǹkan tó kúnná, tó gbẹ, tí kò ní ìkà nínú. Bàbá kan tó ń jẹ́ Lőrinc ló sọ èyí fún Etelka kó tó kú. Sẹmó ni Lőrinc fi ń dí tirẹ̀, ó sì ṣe àṣìṣe kan: ó sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin Werndl ní abúlé. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Lőrinc Sẹmó. Ogún ọdún ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kú, ẹgbẹ́ gbé òdòdó wá síbi ìsìnkú, wọ́n sì kọ Lőrinc Sẹmó sára rìbọ́nnì rẹ̀, kì í ṣe láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò kúkú rántí orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ni. Dezső gan-an ló san owó òdòdó náà.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí Etelka dúró sí. Bí ẹ̀tù bá kún, èjìká ọkọ rẹ̀ ti lọ. Bí ayé bá gbọ́ pé kò kún, orúkọ ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ó gba agbede méjì, ó dákẹ́, ó ń họ ṣíbí.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ọta tó rọ̀ kì í dẹ́rù ba ẹni tó ń yìn ín, ẹni tí ẹ̀rù ò bá sì bà kì í pajú kí ìbọn tó dún. Lọ́dún kìíní, Dezső tó máa ń ṣe ipò kọkànlá nínú ìdíje ẹgbẹ́ ṣe ipò keje. Lọ́dún kẹta ó ṣe ìkẹrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

"Ìyá, o mọ̀ pé ìbọn yẹn ò gbá mi mọ́?"

"Èèyàn ń lágbára sí i ni, Bàbá."

"Kì í ṣe agbára. Ìbọn yẹn ti ń bẹ̀rù mi ni."

Etelka á kọjú sí ọbẹ̀ rẹ̀, á máa rò ó. Ọjọ́ ìdíje kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti délé, ó máa ń bọ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ wo èjìká náà bí aṣọ́bodè tó ń yẹ ẹrù wò. Kò bá ojú kan tó wú rí. Inú rẹ̀ á dùn, á sì tún bà jẹ́ díẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó lè bá yọ̀.

Àwọn ológoṣẹ́ nìkan ló dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀. Etí ọgbà àjàrà ni Dezső máa ń dúró sí ní pápá, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń sun bíríkì nígbà kan. Bí èéfín rẹ̀ bá ti ń lọ, ológoṣẹ́ mẹ́fà, mẹ́wàá, á sọ̀ kalẹ̀ sí koríko iwájú rẹ̀, wọn á máa ṣa nǹkan jẹ. Àwọn ará ẹgbẹ́ ní èso àjàrà ló ń fà wọ́n. Dezső ní ẹyẹ mọ akọni.

Lọ́dún kẹfà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà tó ju èje lọ wá dé. Ọjọ́ Àìkú méjì tó tẹ̀ léra wọn ni wọ́n fi ń ṣe ìdíje náà ní oṣù kẹsàn-án, ọta márùn-ún lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, Dezső ló wà nípò kejì. Ẹni tó wà nípò kìíní ni Kardos Gellért.

Ìbẹ̀rù gbá Etelka mú nítorí àṣà kan. Ní Szilvakút, àwọn méjì tó bá ṣáájú kì í fi ọta ara wọn parí ìdíje. Ọta tó bá ṣẹ́ kù gbẹ̀yìn nínú àpótí kálukú, ẹnì kejì rẹ̀ ni yóò yìn ín. Ọta Àlejò ni wọ́n ń pè é. Nígbà àwọn bàbá wọn, ọkùnrin méjì kan fẹ̀sùn ẹ̀tù kan ara wọn títí ìjà fi dé inú ṣọ́ọ̀ṣì, ni àlùfáà bá ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ọta, kí oníkálukú lè fi èjìká ara rẹ̀ mọ ohun tí ẹnì kejì kì. Àṣà tó dára ni. Kò sí ẹni tó bi Etelka bóyá ó bá òun lára mu.

Gellért yìí kì í ṣe ẹni tí ẹ̀tù ń wọ́n lọ́wọ́. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin rí, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọdún mẹ́jọ ló sì fi gba ipò kìíní láìsinmi. Ojú rẹ̀ kì í yí padà. Inú tó dùn àti inú tó bà jẹ́, ojú kan náà ló fi ń gbà wọ́n. Nọ́ńbà wà lára ọta rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀tù inú wọn sì kún dé ẹnu. Ọ̀kan nínú wọn tó láti ṣí irin àti sìkúrù méje.

Etelka ro oríṣiríṣi. Ó rò pé kí òun gbé ìbọn náà pamọ́, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ á pe ọlọ́pàá. Ó rò pé kí òun díbọ́n àìsàn, ṣùgbọ́n Dezső ti lọ síbi ìdíje rí nígbà tí òun ń rọbí. Ó rò pé kí òun ki ọta kíkún kan sí àpótí fún Gellért, kí àṣírí má baà tú, àmọ́ Dezső kì í to ọta mú. Ó máa ń fọwọ́ wá a nínú àpótí bí ẹni ń wá bọ́tìnì, òun fúnra rẹ̀ lè yin èyí tó kún. Ìyẹn ò sì yanjú ti èjìká. Ní ọjọ́bọ̀, ó po ìyẹ̀fun, ó yan pogácsa oníyọ̀ kéékèèké sínú agbọ̀n, ó bò ó láṣọ, ó gba ilé Gellért lọ.

Gellért ṣílẹ̀kùn. Ó wo agbọ̀n náà.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Gellért. Pogácsa ni mo gbé wá fún yín."

"Ẹ̀yin kì í gbé pogácsa wá síbí àfi bí èèyàn bá kú."

"Ẹ jẹ́ n wọlé ná."

Wọ́n jókòó. Aago ńlá ibùdókọ̀ wà lára ògiri, ó ń ka ìṣẹ́jú fún ọkọ̀ tí kò ní í wá. Etelka sọ gbogbo rẹ̀: àkàbà, irin, dókítà, ṣíbí, fáìlì, sẹmó. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Gellért ń jẹ pogácsa bí ó ṣe ń gbọ́.

"Báwo ni ẹ̀tù tẹ́ ẹ ti yọ ṣe pọ̀ tó báyìí?"

"Ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti já."

Gellért ronú. "Ọdún tó ṣe ipò keje."

"Ìyẹn náà."

"Ọdún tó ṣe ìkẹrin, tó ra wáìnì fún gbogbo ilé, tó ní kí n fọwọ́ kan apá òun."

"Ìyẹn náà, Gellért. Ẹ má bínú."

Ó mú pogácsa mìíràn. "Dezső ńkọ́, ó mọ̀?"

"Àṣírí náà lè pa á bó bá mọ̀. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ Lőrinc."

"Mo mọ̀."

"Ọta kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín sí. Èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó rọ̀. Èjìká yẹn ò lè gba tiyín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Aṣọ ni màá máa wọ̀ fún un, màá máa fún un lóúnjẹ lẹ́nu, ìyẹn ò le lójú mi. Ojú tí yóò máa fi wò mí nígbà tí mo bá ń fún un lóúnjẹ ni mi ò lè gbà."

Gellért nu èérún kúrò lórí tábìlì sínú àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sínú àwo.

"Etelka, ohun tí Ọba ńlá là sílẹ̀ ni mò ń kì. Òun ni bàbá mi kì. Mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣọ́ ojú irin, mi ò fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ ṣáájú àkókò rẹ̀ nítorí pé ẹnì kan bẹ̀ mí."

"Ọkọ̀ kọ́ lọkọ mi."

"Rárá," ni Gellért wí, "ọkọ̀ máa ń gbọ́ràn." Ó dìde. "Pogácsa yìí dùn. Ẹ ṣeun."

Ìyẹn ni gbogbo ohun tó sọ. Etelka gbé agbọ̀n òfìfo padà sílé. Ó ti tú àṣírí ọkọ rẹ̀ fún ẹni kan ṣoṣo tí kò yẹ kó gbọ́ ọ, kò sì rí nǹkan kan gbà bọ̀. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, inú sì tún bí i sí ọkùnrin tó lè jẹ pogácsa mẹ́sàn-án lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó délé, Dezső bi í níbi tó ti ń bọ̀. Ó ní òun lọ wo ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Dezső ní kí Ọlọ́run wò ó sàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo abúlé wà ní pápá. Àwọn obìnrin ń fi ọ̀rá pa búrẹ́dì, wọ́n ń to àlùbọ́sà lé e. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan kan, odindi itan, so rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé bíríkì. Ẹni tó bá borí ló ni ín. Ambrus, olórí ẹgbẹ́, tó ti fi nǹkan bí ogójì ọdún pín lẹ́tà kiri abúlé náà, jókòó ti awò ọ̀nà jíjìn rẹ̀, ó ń pe àmì jáde.

Ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ ni pákó tí wọ́n ń yìnbọn sí wà sí wọn. Gbogbo ẹni tó ń yin Werndl ló mọ̀ pé ìbọn náà kì í yìn sí ibi tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ojú ogun ni wọ́n ṣe é fún, ọta rẹ̀ máa ń fò ga. Nítorí náà, wọn kì í wo ojú dúdú àárín pákó. Òkúta funfun kan wà nísàlẹ̀ òpó, òun ni wọ́n ń wò, ọta á sì gòkè lọ bá ojú dúdú. Bí bàbá ṣe kọ́ ọmọ nìyẹn. Dezső nìkan ni kò wo òkúta mọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Ẹsẹ̀ ojú dúdú gan-an ló ń wò. Bí wọ́n bá bi í, á ní ojú òun ti là sí i.

Ọta kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin lọ. Gellért ń fi àmì méjì ṣáájú. Ambrus dìde, ó ṣí fìlà.

"Ọta Àlejò."

Gellért gbé àpótí rẹ̀ wá, ó ṣí i. Ọta kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún. Dezső na ọwọ́ sí i, ó mú un. Ó gbé tirẹ̀ náà fún Gellért. Etelka ń wo ojú Gellért láti orí bẹ́ǹṣì, ó ń wá ohunkóhun níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ẹni tó ń wá nǹkan lójú Gellért, kó kúkú lọ wá a lára ògiri.

Dezső lọ sí etí ọgbà àjàrà. Ó ti ọta bọ ìdí ìbọn, ó yí i, ó gbé e lé èjìká, ó wo ẹsẹ̀ ojú dúdú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì mí sókè, ó mí sódò.

Etelka dìde. Bí ó bá pariwo báyìí, èjìká yóò yè, orúkọ yóò lọ. Bí ó bá dákẹ́, orúkọ lè yè, èjìká lè má bọ̀ sípò mọ́. Ọdún mẹ́fà ló ti fi dákẹ́. Ó rí irin pẹlẹbẹ náà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe rí i nínú fọ́tò ilé ìwòsàn, funfun, pẹ̀lú sìkúrù méje bí eyín. Ó pinnu pé orúkọ ni kó lọ. Ó la ẹnu.

Ìbọn dún kó tó sọ̀rọ̀.

Dídún rẹ̀ kò pọ̀. Gbòò kan, bí ẹni ti ilẹ̀kùn àká. Èéfín funfun jáde, ìbọn náà sì mì díẹ̀ lórí èjìká Dezső, ó dúró jẹ́. Dezső kò ṣubú. Kò ké. Ó rọra sọ ìbọn kalẹ̀, ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo iwájú rẹ̀ níbi tí èéfín ti ń tú ká.

"Méje," ni Ambrus pè.

Dezső yíjú padà, ó ń fọwọ́ ra èjìká.

"Gellért, ọta rẹ yìí ò dáa o. Ó gbá mi bí ẹṣin."

"Bí Ọba ńlá ṣe là á sílẹ̀ ni," ni Gellért dáhùn.

Etelka jókòó padà. Ó fi etí aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í bóyá oòrùn ló mú un, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá ku Gellért. Mẹ́fà péré ló nílò kó tó borí, kò sì tíì gba mẹ́fà láti ọdún tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án ni tirẹ̀. Ó ti ọta Etelka bọ ìbọn. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá wo ẹsẹ̀ ojú dúdú bí Dezső ṣe ń wò ó, ọta náà á lọ jẹ́jẹ́ bá a. Gbogbo àwọn àgbà ẹgbẹ́ to lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu ìbọn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó láti ìgbà èwe.

Ẹnu ìbọn náà lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀ sí i, títí ó fi kọjú sí òkúta funfun. Ibẹ̀ ló dúró.

Ó dún. Erùpẹ̀ bú sókè níwájú òkúta, èérún koríko bọ́ sórí pákó. Ambrus fi awò wò ó, ó nu awò náà, ó tún wò ó.

"Òdo," ló wí, bí ẹni tó ń kéde òkú.

Gellért yọ agolo òfìfo jáde. Ó fa aago rẹ̀ yọ lápò, ó wò ó, ó fi í padà.

"Ọta Halmos le," ló sọ fún gbogbo wọn. "Ó gbá mi, ọwọ́ mi yẹ̀." Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ kí Gellért ráhùn rí. Wọ́n gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n gbé itan ẹran fún Dezső. Wọ́n gbé òun náà. Láàrin ariwo, ológoṣẹ́ bíi méjìlá sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú ibi tó ti yin ọta Gellért, wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ.

Wọ́n délé kí oòrùn tó wọ̀. Etelka bọ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó wo èjìká, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àpá àtijọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó bò ó padà, ó sì lọ dúró síbi ààrò, nítorí omi ti ń bọ̀ lójú rẹ̀, kò sì mọ irọ́ tí yóò fi gbè é. Dezső ń gé ẹran sórí búrẹ́dì.

"Sẹmó Gellért le jù," ló wí.

Etelka kò yíjú.

"Ó dà bí òkúta wẹ́wẹ́. Ó bà sí mi létí bàtà. Tìrẹ kúnná."

"Kò sí èyí tó kúnná mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù," ni Etelka wí. "Èmi ni mo ra gbogbo rẹ̀ tán." Ó wá yíjú padà. "Bàbá. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọdún kìíní."

"Ọdún kìíní."

"Ìyá, èmi ni mo ṣe ṣíbí yẹn. Ogójì ọdún ni mo fi ń wọn irin tó tín-ín-rín ju irun lọ. Ṣé mi ò wá ní mọ̀ bí ṣíbí mi bá ń kúrú nínú dúrọ́ọ̀ ara mi?"

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ̀rọ̀? Ọdún mẹ́fà lẹ fi ń sọ fún mi pé ìbọn ń bẹ̀rù yín."

"Èmi ni mò ń bẹ̀rù rẹ̀." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ìwòsàn. Kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní mo mọ̀, dandan ni kí n bínú. Bí mo bá bínú, dandan ni kí n ki ọta kíkún. Tí n ò bá sì kì í, èmi tí mo san owó òdòdó Lőrinc… Mo rí i pé o ti bá mi gbé e. Mo jẹ́ kó o máa gbé e lọ. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

Etelka jókòó síwájú rẹ̀. Inú bí i fún ìwọ̀n ìgbà tí omi fi ń hó, lẹ́yìn náà inú náà rọ̀.

"Gellért mọ ibi tó yẹ kó wò," ni Dezső wí. "Ká ní ó gbé ẹnu ìbọn rẹ̀ sókè dé ibi témi ń wò, gbogbo wọn ni yóò rí i, wọn á sì mọ irú ọta tí mo fún un. Ó fojú ara rẹ̀ wo òkúta. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi gba itan yìí. O lọ bá a, àbí?"

"Mo gbé pogácsa lọ."

Dezső ronú sí i. Ó fa itan náà súnmọ́ ara, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì, wọn ò dọ́gba.

"Gbé ìdajì fún un lọ́la. Èyí tó tóbi. Bu sẹmó tó kúnná díẹ̀ mọ́ ọn. Má sọ nǹkan kan."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Òun náà ò ní sọ nǹkan kan."

Ó dìde, ó lọ síbi dúrọ́ọ̀, ó mú ṣíbí ẹ̀tù jáde, ó mú fáìlì. Ó jókòó, ó wo ṣíbí náà lójú fèrèsé bí ó ṣe máa ń wo kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ. Ó gbé fáìlì lé ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, fáìlì ń yọ̀ bọ́. Etelka na ọwọ́, ó di ṣíbí náà mú fún un lórí tábìlì. Dezső fi fáìlì họ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ eruku idẹ kúrò lórí ìka ìyàwó rẹ̀.

"Ìyẹn á tó fún ọdún tó ń bọ̀," ló wí, ó sì dá ṣíbí náà padà fún un.